Kìnnìún Ni Mo Mú

Owó onírin náà fò sókè, ó yí lẹ́ẹ̀kan, ó tún yí, ó sì bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ Nishith Sanyal, ojú tí wọ́n ya kìnnìún sí lókè. Kìnnìún. Ó tún jù ú. Kìnnìún. Ó ti ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ gbàràgbàrà kí ariwo omi lè bo ìró owó, nítorí nínú ilé àyágbé tí wọ́n wà yìí, bí ẹnì kan bá sín ní ilé ìdáná, ẹni tó wà ní yàrá ìkẹyìn yóò kí i. Ó dúró lórí ilẹ̀ balùwẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìnura nídìí, ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì tó ti fẹ̀yìn tì, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wà káàkiri ayé, ó sì ń ju owó sókè bí ọmọ tó sá kúrò ní kíláàsì.

"Khoka!" Ìyá rẹ̀ ló kan ilẹ̀kùn. Irun tó kù lórí Nishith ti funfun tán, ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n fi ń pe ọmọdékùnrin ni Ma ṣì fi ń pè é. "Ṣé o ń wẹ̀ ni, àbí owó lò ń fọ̀?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lójú òfúrufú. "Mò ń wẹ̀, Ma."

"Yára. Prabir àti ìyàwó rẹ̀ ti wọ bàtà."

Ó gbọ́ tí ọ̀pá ìtilẹ̀ Ma ń lọ kò, kò, kò lọ sí pálọ̀. Owó kẹ̀? Ta ló sọ ọ̀rọ̀ owó fún un? Ó bomi sórí kí irọ́ náà lè jọ òótọ́.

Ọ̀rọ̀ ilé ló gbé e dé balùwẹ̀. Ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ní Shyambazar, nílùú Kolkata, ti gbó débi pé àwọn ẹyẹlé nìkan ló ṣì fọkàn tán an. Kọ́lékọ́lé kan wó o, ó kọ́ ilé alájà tuntun síbẹ̀, ó ta èyí tó jẹ́ tirẹ̀, ó sì fi fúláàtì méjì fún ọmọ onílé méjèèjì, lórí àjà kan náà, lójúkojú. Ìwọ̀n kan náà ni wọ́n. Ilẹ̀kùn kan náà, táìlì kan náà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan kọjú sí gúúsù, èkejì kọjú sí àríwá, ní Kolkata, ìyẹn ti tó ìdí fún ọmọ ìyá méjì láti má kí ara wọn mọ́ títí ikú. Nígbà ooru, atẹ́gùn gúúsù ni gbogbo ìlú fi ń mí. Ti àríwá, ọjà ẹja ni fèrèsé rẹ̀ ń wò.

Prabir, àbúrò rẹ̀, ló dá àbá náà nídìí oúnjẹ. "Dada," ló wí, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin níbẹ̀, "ẹ jẹ́ ká ju owó sókè. Ẹni tí ojú tó mú bá yọ sókè ló ni gúúsù. Kò ní sí ìjà, kò ní sí lọ́yà." Nishith tó dúró létí fèrèsé pẹ̀lú abọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ (láti ìgbà tí Sumitra, ìyàwó rẹ̀, ti kú, ìdúró ló máa ń jẹun) yíjú sí i. Ó wo ojú àbúrò rẹ̀ bí ẹni ń wo owó tó ṣeé ṣe kó jẹ́ ayédèrú.

Nítorí pé bí ẹnì kan bá wà ní Kolkata tí kò yẹ kí èèyàn bá ju owó, Nishith ni, Prabir sì mọ̀. Lọ́dọọdún ni Nishith máa ń gbé ẹ̀rọ kékeré kan wá sí kíláàsì, tí òun fúnra rẹ̀ ṣe: irin pẹlẹbẹ kan, sípíríìnì kan tó ń ta owó sókè, àwokòtò kan. Yóò gbé owó lé e, yóò tẹ̀ ẹ́. Kìnnìún. Yóò tún tẹ̀ ẹ́. Kìnnìún, kìnnìún, títí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń pe èyí ní orí ire," yóò wí, tí yóò sì fi ẹ̀yìn ìka gbé ìgò ojú rẹ̀ sókè. "Owó yìí ò yan nǹkan kan. Agbára tó gbé e, ibi tó ti gbéra, afẹ́fẹ́ tó gbà kọjá, àwọn wọ̀nyí ti parí ọ̀rọ̀ kó tó kúrò nílẹ̀. Owó onírin lẹ̀yin náà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀yin máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹ bá ń yí lókè."

Ní ọdún kan, ọmọbìnrin kan nawọ́. "Sà, àwọn ohun tó kéré ju átọ̀mù ńkọ́? Ṣebí ẹ kọ́ wa pé kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tí wọ́n máa já sí?"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń ta ayò nínú ọpọlọ rẹ láti mọ ibi tí apá rẹ yóò lọ, ṣé ìwọ lo gbé apá náà?"

Ọmọbìnrin náà jókòó. Inú Nishith dùn fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ayọ̀ náà, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ rẹ̀, kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí wúlò nínú ilé gan-an. Bí ó bá gbàgbé láti ra ìyẹ̀fun, kì í ṣe òun, gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú látìgbà tí ayé ti ń jó bí iná ló fà á. Sumitra kì í bá a jiyàn. "Ó dáa," ló máa ń sọ. "Kí gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú wá fọ abọ́ yín."

Nítorí náà, kí ló dé tí Prabir fi ní kí wọ́n ju owó? Àbúrò tó gbọ́n bí eku ilé báńkì, tó ti ń ta ìwé adójútòfò láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti hù? Nishith wá bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àtàǹpàkò rẹ̀ ní ohun tí sípíríìnì mọ̀: má gbé e ga, má jẹ́ kó yára, gbá a mú kó tó gbàgbé ibi tó ti gbéra. Kò pè é ní ojóóró. Bí ó bá jẹ́ pé a ti kọ́ àtàǹpàkò náà, a jẹ́ pé bí ayé ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn.

Ma àti Mallika, ìyàwó Prabir, wọ kẹ̀kẹ́ akérò tí wọ́n ń pè ní ríkíṣọ̀. Prabir ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nishith ní òun á bá wọn nílé tuntun náà, ó sì yà sídìí ẹni tó ń ta tíì ní ẹ̀bá ọ̀nà, níbi tí Haripada, tó kọ́ni ní ìtàn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan náà, ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó ń mì.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ pẹ́. Mo ti ń jẹ bisikíìtì yín."

"Ta ló ní kó o jẹ ẹ́?"

"Èmi kọ́ o. Láti ọjọ́ tí ayé ti ṣẹ̀ ni bisikíìtì yìí ti ń bọ̀ wá sẹ́nu mi. Ta lèmi tí màá dá a dúró lọ́nà?"

Ẹni tó ń ta tíì rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sí i lọ́wọ́.

"Ìtàn lo kọ́ wọn, Haripada. Má fọwọ́ kan físíìsì."

"N ò fọwọ́ kàn án. Eyín ni mo fi kàn án." Haripada gbọn èérún kúrò láyà. "Àbúrò yín wá síbí lánàá. Ó bi mí bóyá lóòótọ́ ni ẹ̀rọ owó yín kì í tàsé."

Ife amọ̀ tí wọ́n bu tíì sí dúró létè Nishith. "Kí lo sọ fún un?"

"Mo ní ẹ̀rọ yẹn kì í tàsé rárá. Ọ̀gá tó ṣe é ló máa ń tàsé."

Nishith kò rẹ́rìn-ín. Ó fọ́ ife náà sínú ihò ìdọ̀tí bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe níbẹ̀, ó sì mú ọ̀nà pọ̀n. Prabir ti ń wádìí. Ó mọ̀ nípa ẹ̀rọ, síbẹ̀ ó fẹ́ kí wọ́n ju owó. Owó tó ní kìnnìún lójú méjèèjì kẹ̀? Tàbí tí kò ní kìnnìún rárá? Ó fọwọ́ kan àpò rẹ̀. Tirẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó ti gbóná bí ẹyin tí adìyẹ sàba lé.

Ẹ̀rọ agbéniròkè ilé tuntun náà kò tíì ṣiṣẹ́. Wọ́n ní láti fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn. Ma ń sinmi lórí gbogbo àjà, ikọ́ fée rẹ̀ ń fọn súfèé nínú àyà rẹ̀ bí kẹ́tùlù tó fẹ́ hó. Nishith ń tẹ̀ lé e, ó na ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn rẹ̀ láì fọwọ́ kàn án, bí ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì mú. Iwájú wọn ni Mallika wà, ó gbé àpò aṣọ ńlá kan mọ́ra. Ohun kan ń ró nínú rẹ̀, irin lára irin.

"Gbé e wá, Mallika, jẹ́ n bá ọ gbé e."

"Ẹ má ṣèyọnu, Dada. Kò wúwo." Ó sì yí èjìká padà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Kò wúwo, ṣùgbọ́n ó ń làágùn. Òòfà? Nishith rò ó lóòótọ́, odidi ọ̀jọ̀gbọ́n, lórí àtẹ̀gùn: òòfà ńlá kan lábẹ́ táìlì. Ó tún rántí pé owó tó wà lápò òun kì í ṣe irú èyí tí òòfà ń fà. Ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀.

Ti àríwá ni Prabir kọ́kọ́ ṣí. Òórùn ọjà ẹja wọlé ṣáájú wọn. Ẹnì kan ń pariwo nísàlẹ̀ pé ẹja ilish òun ṣì ń mí. Mallika yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Irọ́ lò ń pa! Ó ti kú láti àná!" ẹni náà sì fèsì pé, "Ó dáa, ẹ wá bá mi sin ín, ìyàwó!" Mallika rẹ́rìn-ín, ó ti fèrèsé náà jẹ́jẹ́ bíi pé tirẹ̀ ni. Nishith rí ìyẹn, kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Kí ló ń mú un rẹ́rìn-ín níbí?

Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjá sí òdìkejì, sí gúúsù. Prabir ṣílẹ̀kùn bákónì, atẹ́gùn sì wọlé bí àlejò tó mọ ilé. Ma rìn lọ sí bákónì fúnra rẹ̀. Ó di irin mú, ó dijú. Súfèé inú àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rọlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí kò fi sí mọ́.

Nishith wò ó, nǹkan kan sì yọ́ nínú rẹ̀. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Prabir ni Ma yóò wà. Mallika ló mọ oògùn rẹ̀, Mallika ló mọ ìgbà tí a óò gbé àfàsímú fún un. Bí òun bá gba gúúsù, àríwá ni Ma yóò máa mí òórùn ẹja. Ó lè wá jókòó ní bákónì òun nírọ̀lẹ́, lóòótọ́, bí kò bá sí àlejò. Ọ̀rọ̀ yìí ò dùn létí rẹ̀. Ó sì pinnu, lójú ẹsẹ̀, pé òun kò ní lo ọgbọ́n àtàǹpàkò. Òun á dijú, òun á ju owó náà sókè réré pẹ̀lú gbogbo agbára, ibi tó bá wù ú ni kó já sí. Ìpinnu náà dùn mọ́ ọn. Ó fẹ́ràn ara rẹ̀ gan-an ní ìṣẹ́jú yẹn, kò sì bi ara rẹ̀ léèrè ta ló pinnu.

Nínú ìdùnnú yìí ló fi rìn wọ yàrá inú, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, láti wo bóyá ògiri tẹ́jú.

Pẹpẹ kan wà lára ògiri náà. Igi tuntun, wọ́n ti fá a, wọ́n ti kùn ún, wọ́n gbẹ́ òdòdó sí i létí, wọ́n sì kàn án sísàlẹ̀ díẹ̀, ní ìwọ̀n ibi tí arúgbó tó jókòó sórí ẹní lè nawọ́ dé. Pẹpẹ òrìṣà Ma ni. Kò nílò kí ẹnì kankan sọ fún un.

Ẹ̀jẹ̀ gun orí rẹ̀. Ibi tí Ma bá wà ni òrìṣà Ma wà, ibi tí Prabir bá wà ni Ma wà. Wọ́n ti pín ilé náà tán! Wọ́n ti kan ìṣó! Owó tí wọ́n ní ká jù, eré ọmọdé ni, kí arúgbó òpònú kan lè gbà pé orí ló pín in. Kò mọ ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbà yan òun jẹ, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní in lọ́kàn. Ó padà sí pálọ̀, ètè rẹ̀ sì ti di ìlà tín-ín-rín.

"Ó yá. Owó dà?"

"Ẹ ò mú tiyín wá ni?" Prabir wí. "Ẹ lo tiyín."

Nishith wò ó. "Ta ló máa jù ú?"

"Ẹ̀yin náà kọ́? Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n."

"Ta ló máa mú?"

"Ẹ mú, Dada. Èyí tó bá kù, mo gbà á."

Gbogbo ohun tí Prabir ń fún un ń dà bí ọ̀fìn sí i. Ó wá èrú náà lójú àbúrò rẹ̀, ó wá a lára àpò Mallika, ó wá a lórí táìlì. Kò rí nǹkan kan, àìrí náà sì jọ ẹ̀rí lójú rẹ̀. Ma ti yíjú sí wọn láti bákónì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí ọ̀pá.

"Kìnnìún ni mo mú," Nishith wí.

Kò dijú. Kò jù ú ga. Owó náà gbéra wẹ́rẹ́, ó yí bó ṣe ń yí ní balùwẹ̀, ó sì padà sílé.

Kìnnìún.

Ó dúró de ìjà. Ó ti mú ọ̀rọ̀ tó máa sọ nípa pẹpẹ náà wá sétí ẹnu. Ṣùgbọ́n Prabir kàn pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ó parí! Ẹ kú orí ire, Dada." Mallika sì ti kúnlẹ̀, ó ń tú àpò rẹ̀. Àwọn òrìṣà idẹ Ma ló jáde, lọ́kọ̀ọ̀kan, nínú aṣọ tí wọ́n fi wé wọn, wọ́n ń ró lára ara wọn. Lẹ́yìn wọn, àfàsímú Ma. Lẹ́yìn ìyẹn, ìrọ̀rí rẹ̀. Ó kó wọn mọ́ra, ó gbé wọn lọ sí yàrá inú.

"Kí lò ń ṣe, Mallika?"

"Mò ń gbé wọn síbi tí wọn yóò máa wà."

"Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ yín ni Ma…"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Prabir bi í.

Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ rí. Nishith wá inú orí rẹ̀, kò rí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni sọ ọ́, àfi òun, fún ara rẹ̀.

"Dókítà ní àyà Ma ń fẹ́ atẹ́gùn gúúsù," Prabir wí. "Ma sì ní ọ̀dọ̀ yín lòun fẹ́ wà. Ó ní a ò gbọdọ̀ bi yín."

"Kí ló dé tí ẹ ò bi mí?"

"Ká bi yín kẹ̀?" Ohùn Mallika ni, láti yàrá. "Ẹ̀ bá ti ṣàlàyé! Ẹ̀ bá ti gba ọ̀run lọ, ẹ̀ bá ti ka ìràwọ̀, nígbà tẹ́ ẹ bá máa fi padà wálẹ̀, ẹ ó ní ara Ma á balẹ̀ lọ́dọ̀ wa jù."

Nishith la ẹnu láti sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì gbọ́ àlàyé náà nínú orí ara rẹ̀, odidi, tó ti tò lẹ́sẹẹsẹ.

Ma rìn wọ pálọ̀. Ó jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. "Ohun tí wọ́n bá gbé fún ọ, o máa ń wá àbùkù rẹ̀. Èyí tí o bá fi ọgbọ́n gbà lo máa ń tọ́jú. Káítì Prabir tí o fi àyínìke gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé kì í ṣe ìgbà tí wọ́n wó ilé la tó rí i lókè àjà? O fi bébà wé e."

"Ẹ sì ní ẹ ò rí i, Dada," Prabir wí. "Ọdún mélòó!"

"Ma, bí owó yẹn bá já sí òdìkejì ńkọ́?"

"Báwo ló ṣe fẹ́ já síbẹ̀? Mo ń gbọ́ ọ ní balùwẹ̀ lójoojúmọ́."

"Bí mo bá ní kí n jù ú láì lo ọgbọ́n ńkọ́? Mo rò ó, Ma. Mo ti pinnu ẹ̀."

Ojú Ma rọ̀. "Mo mọ̀ pé wàá rò ó."

Nishith wo yàrá inú. Ó wo pẹpẹ náà, tí òrìṣà idẹ mẹ́ta ti ń tàn lórí rẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, nígbà tí gbogbo ilẹ̀kùn tó kù nínú ilé náà wà ní títì.

"Ìgbà wo lẹ kan pẹpẹ yẹn?"

"Kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí fọ owó."

"Ta ló ṣí ilẹ̀kùn yàrá yẹn sílẹ̀?"

Prabir bẹ̀rẹ̀ sí wo èékánná rẹ̀. Mallika rẹ́rìn-ín sínú aṣọ rẹ̀. Ma kò rẹ́rìn-ín. "Khoka," ló wí, "mo ti mọ̀ ọ́ kí o tó ní àtàǹpàkò."

Ìbínú tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi pẹpẹ náà dá sílẹ̀, tó sì gbé Nishith dúró, ti ń wá ibi tí yóò jókòó sí. "Mo lè mú ti àríwá," ló wí. "Mo lè ní n ò gba gúúsù mọ́. Nísinsìnyí."

"O lè mú un," Ma wí. "Mallika, fún un ní tíì kó tó mú un."

Ó mu tíì náà.

Nígbà tó yá, Prabir àti ìyàwó rẹ̀ kọjá sí òdìkejì láti lọ gbálẹ̀ ilé wọn. Láti ibẹ̀ ni Nishith ń gbọ́ ohùn Mallika tó ń bá ẹlẹ́ja nísàlẹ̀ ná ẹja tó kú láti àná. Ma wà nílé ìdáná, ó ń tú abọ́ oúnjẹ tí wọ́n gbé wá. Nishith dá dúró ní bákónì. Atẹ́gùn ń gbá ìwọ̀nba irun rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Ó mú owó náà jáde. Ó dijú, lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ó sì jù ú sókè pẹ̀lú gbogbo agbára apá rẹ̀, ní ọ̀nà tí àtàǹpàkò rẹ̀ kò mọ̀, tí sípíríìnì kankan kò mọ̀. Ó pẹ́ lókè. Ó bà á lọ́wọ́, ó gbá a mú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kejì bò ó.

"Kìnnìún ni," ohùn Ma wí láti ilé ìdáná. "Wá jẹun. Ìrẹsì ń tutù."

Nishith dúró bẹ́ẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ lórí àtẹ́lẹwọ́. Bí ó bá jẹ́ òdìkejì ni, yóò ní ẹ̀rí, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan péré, pé ohun kan wà tí Ma kò mọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ kìnnìún… Òórùn ẹja ilish olómi músítádì ń bọ̀ látinú ilé. Ó rí i pé ebi ń pa òun gidi, pé ó ti ń pa òun láti ìgbà pípẹ́, àti pé ẹnì kan wà nínú ilé tó ń dúró de òun kó tó bẹ̀rẹ̀ sí jẹun.

Ó ki owó náà bọ àpò láì wò ó. Bóyá òun ló yàn bẹ́ẹ̀ o, bóyá òun kọ́, kò lè sọ. Ó wọlé, ó wá àga, ó sì jókòó.